Ẹ Wá Fi Tèmi Wò Ó

Bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹyẹ ń pọ̀ sí i ní àbàtà Rainham. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á rò pé ẹnu ẹni tó sọ ọ́ ló yọ̀, nítorí alápàáńdẹ̀dẹ̀ tó ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé abà àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì nígbà ooru ti palẹ̀ mọ́ láti oṣù kẹsàn-án. Ó ti gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì ti wà ní Gúúsù Áfíríkà níbi tó ti ń jẹ kòkòrò ní tirẹ̀. Àmọ́ bí àwọn kan ṣe ń sá fún òtútù Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn mìíràn ń sá wọ inú rẹ̀. Ní Iceland, ní Sweden àti ní apá àríwá Rọ́ṣíà, omi ti le gbagidi lákòókò yìí. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ tó bá dúró síbẹ̀, ebi ni yóò pa á kú. Ibi tí àwa ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì yìí, ibẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ wigeon àti teal kà sí ibi tó móoru.

Rainham kì í ṣe ibi tí tọkọtaya máa ń lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ló wà, létí odò Thames, níbi tí ìgboro ti ń parí lọ tí Essex sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Títì A13 ń hó lápá kan, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Paris ń fẹ́ kọjá, òpó iná onírin tò lọ rẹrẹẹrẹ láàárín àbàtà, ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù sì ń wọ́ lọ lórí odò. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ológun ló ń kọ́ ìbọn yíyìn níbẹ̀. Nítorí pé ìbọn ń dún, kò sẹ́ni tó kọ́ ilé sí i, àbàtà náà sì ṣẹ́ kù bó ṣe wà. Ọdún 2000 ni RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rà á lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 2006. Ìbọn tí kì í dá ẹyẹ sí níbòmíràn, òun ló bá wa ṣọ́ wọn níhìn-ín.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ lọ ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdí ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹyẹ. Bí iná bá dá wọn dúró ní ìdájí, wọ́n á máa wo àwọn kannakánná tó ń jà lórí òrùlé. Nígbà tó yá, wọ́n ra bainọ́kúlà àlòkù, ìyàwó wọn sì bi wọ́n bóyá iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n tún fẹ́ fi kún iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Purfleet, ìrì ti dì sára koríko, ilẹ̀ ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bàtà wa. Ẹ̀gbọ́n dé fìlà onírun, wọ́n sì tún dé abetí-ajá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni mo rí abetí-ajá tó ń bo etí ní tòótọ́.

"Àbúrò, irú òtútù wo rèé?" Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀, èéfín ń jáde lẹ́nu wọn. "Ọyẹ́ ilé wa, bó bá di ọ̀sán á dẹ̀yìn. Eléyìí ò mọ̀ pé ọ̀sán ń jẹ́ ọ̀sán."

Ẹnu ọ̀nà ni ìrànlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò, pátákó kan wà tí àwọn tó ti tètè dé ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti rí i. Ìyá àgbàlagbà kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ ibẹ̀ kò jẹ́ ká kàn kà á ká sì máa lọ. Ó jáde láti ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀, ó ní àṣá wà lórí òpó iná, ó ní ẹyẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní bearded tit wà nínú ifèéfèé ṣùgbọ́n ká dúró títí afẹ́fẹ́ á fi rọlẹ̀, ó ní ká má wulẹ̀ gba ọ̀nà apá ọ̀tún nítorí omi ti dì síbẹ̀, a lè yọ̀ ṣubú. Àwọn àgbà wa ní àlejò a máa lójú gbòǹgbò, kò ní fi ríran. Ó jọ pé àwọn ará ibí yìí gbọ́ òwe náà rí, nítorí ojú tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń yá àlejò kí wọ́n tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin. Ojú á wà lára fóònù, ẹnu á pa dé, ẹni tó bá sì kí ẹni tí kò mọ̀ rí, wọ́n á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kó àwọn ènìyàn yìí kan náà wá sí àbàtà, kí ẹ gbé bainọ́kúlà kọ́ wọn lọ́rùn, ahọ́n wọn á tú. Ẹni tó ń lọ á dá ẹni tó ń bọ̀ dúró, á bi í pé, "Ǹjẹ́ nǹkan kan wà lọ́hùn-ún?" Ẹni tó ń bọ̀ á sì ròyìn láìfi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, báyìí gan-an ni àwọn ọdẹ máa ń dá ara wọn dúró lójú ọ̀nà igbó tí wọ́n á kí ara wọn ní àrìnpa.

"Àwọn wọ̀nyí ò kúkú pa nǹkan kan," ni mo wí.

"Ká yáa máa kí wọn ní àrìnrí."

Wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ kí bàbá òyìnbó kan tó ń bọ̀ lódìkejì. "Àrìnrí o!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó dá wa lóhùn ní èdè tirẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ahéré kejì pé ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yà.

Ahéré onípákó ni wọ́n ń jókòó sí láti wo ẹyẹ. Fèrèsé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn láti igun dé igun, àga gbọọrọ kan sì wà níwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ odò ń gba ojú fèrèsé náà wọlé, omi ń bọ́ lójú gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Níwájú wa, wigeon tó lé ní igba wà lórí koríko, tí wọ́n ń jẹko tí wọ́n sì ń súfèé. Súfèé ni wọ́n máa ń sú, wọn kì í ké bíi ti pẹ́pẹ́yẹ ilé. Lójijì ni gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan, afẹ́fẹ́ apá wọn sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àṣá."

Níbo ló wà? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń fa wàhálà níbi wíwo ẹyẹ, nítorí ìka nínà kò wúlò rárá. Ìka kan ṣoṣo lè tọ́ka sí igba igi. Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ohun ńlá kan tí kò lè fò lọ, bí òpó tàbí ilé, wọ́n á jẹ́ kí ojú gbogbo ènìyàn pé síbẹ̀, kí wọ́n tó máa mú wọn rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo òpó kẹta láti ọwọ́ òsì. Ẹ wo apá rẹ̀ kejì láti òkè. Ibi tí irin méjì ti pàdé, nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Bó bá jẹ́ pé inú omi ni ẹyẹ wà, ojú aago ni wọ́n ń lò: ẹ fi òkìtì koríko yẹn ṣe àárín aago, pẹ́pẹ́yẹ tí à ń wí wà ní aago mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n rí i kíá. Ẹni tó ti ń wo dígí ọkọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ojú rẹ̀ yóò yá ju ti ẹni tó ń jókòó kọ̀wé lọ.

Bàbá kan tó ní tẹlisikóòpù rí i pé bainọ́kúlà mi ń rìn gbéregbère kiri. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó rẹ ẹsẹ̀ awò náà sílẹ̀ títí ó fi bá gíga mi mu, ó ní, "Ẹ wá fi tèmi wò ó." Owó irú awò bẹ́ẹ̀ lè ra mọ́tò àlòkù, bàbá náà kò sì mọ̀ mí rí. Ohun kan ṣoṣo tó kìlọ̀ fún mi ni pé kí n má mí sójú dígí, kí èémí má bàa bò ó. Mo wò. Àṣá peregrine wà níbẹ̀ pẹ̀lú àyà funfun tí wọ́n fi ilà wẹ́wẹ́ dábùú, ojú rẹ̀ dúdú róbótó, afẹ́fẹ́ ń ṣí ìyẹ́ ikùn rẹ̀, kò sì bìkítà.

Bàbá náà ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹni tó bá rí peregrine ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní ó ń purọ́ ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn àgbẹ̀ ń da DDT àti oògùn kòkòrò mìíràn sí oko. Kòkòrò jẹ ẹ́, ẹyẹ kékeré jẹ kòkòrò, àṣá jẹ ẹyẹ kékeré, bẹ́ẹ̀ ni májèlé náà ń kó jọ bó ṣe ń gòkè lọ. Èèpo ẹyin àṣá wá fẹ́lẹ́ débi pé bí ìyá bá sàba lé e, á fọ́. Derek Ratcliffe ló tú àṣírí náà ní 1967, ọ̀nà tó sì gbà tú u ni mo fẹ́ràn jù. Ní Bírítéènì àtijọ́, àwọn kan wà tí wọ́n ń jí ẹyin ẹyẹ kó láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n kó o sí i lára. Ratcliffe kó ẹyin tí wọ́n kó pamọ́ wọ̀nyí jọ, ó wọ̀n wọ́n, ó sì rí i pé nǹkan bí 1947 ni èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ oògùn náà dúró, àṣá padà. Lónìí, wọ́n ti pamọ lára ilé iṣẹ́ iná àtijọ́ ní Battersea, láàárín Lọ́ńdọ̀nù gan-an.

Ní ti bearded tit, ojú kọ́ la kọ́kọ́ fi rí i, etí ni. Ifèéfèé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ga ju orí ènìyàn lọ, àwọ̀ ẹyẹ náà àti ti ifèéfèé gbígbẹ kò sì yàtọ̀. A dúró lórí afárá onípákó títí mi ò fi mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Obìnrin kan tó wà nítòsí wa ní ká yọ fìlà kúrò létí, ká dijú. Ẹ̀gbọ́n wò mí, mo wo Ẹ̀gbọ́n. Nínú òtútù yìí? A ṣí etí náà. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ọ, "pín-ìn, pín-ìn," láti ìsàlẹ̀ ifèéfèé, ó ń sún bọ̀. Obìnrin náà ní ká máa ka iye ibi tí ohùn náà ti ń wá, ká má wo ibì kan. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, mẹ́ta gun orí ifèéfèé wá, akọ kan láàárín wọn tó ní irun dúdú méjì tó sọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, irú èyí tí wọ́n ń pè ní túbọ̀mu tó bá jẹ́ ti ènìyàn, ìrù gígùn sì ń bá wọn fì.

Obìnrin náà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń la ìgbà òtútù já. Kòkòrò ni wọ́n ń jẹ nígbà ooru. Bí kòkòrò bá tán, wọn kì í sá lọ sí Áfíríkà bíi ti alápàáńdẹ̀dẹ̀, inú wọn ló máa ń yí padà. Ikùn wọn á nípọn sí i, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, òkúta yẹn ni yóò máa bá wọn lọ èso ifèéfèé títí ooru á fi dé. Ẹ̀gbọ́n ní iwe adìyẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kò sì mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí àwọn ń wẹ̀ ẹ́ mọ́ fún ìyá àwọn.

Ẹ̀gbọ́n náà ló bi ìbéèrè tó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ wa. Pẹ́pẹ́yẹ ń rìn lórí omi dídì lẹ́sẹ̀ lásán, Ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ wọn kò fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìwé àṣẹ láti máa fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sọ̀ kalẹ̀ àti èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tútù gòkè fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí nínú ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ á fi ooru rẹ̀ lé èyí tó ń gòkè lọ́wọ́, kó tó dé àtẹ́lẹsẹ̀ ó ti tutù tán. Ẹsẹ̀ tútù lórí omi dídì, ooru díẹ̀ báyìí ni yóò sọ nù, èyí tó sì ṣẹ́ kù á padà sínú ara. Ẹyẹ kéékèèké kò ní omi láti dúró lé, ọgbọ́n tiwọn ni pé kí wọ́n kó ara wọn jọ. Ní Norfolk, ní ìgbà òtútù ọdún 1969, wọ́n ka ẹyẹ wren mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú àpótí ìtẹ́ kan ṣoṣo. Wren kan kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá lọ. Ìgbà òtútù 1962 sí 1963, èyí tó le gan-an, ti pa púpọ̀ wọn run.

Láti orí òrùka ló ti kan ìtàn alápàáńdẹ̀dẹ̀. Ọdún 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ní Bírítéènì, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè sọ pàtó ibi tí alápàáńdẹ̀dẹ̀ wọn ń lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Masefield fi òrùka sí ọ̀kan lẹ́sẹ̀ nílé rẹ̀ ní Cheadle, ní Staffordshire. Ní oṣù kejìlá 1912, wọ́n mú ẹyẹ náà nínú ilé oko ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹni tó rí òrùka náà kò mọ Masefield, ẹyẹ kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá kọ ọ́, ta ni ì bá mọ̀?

Bí wíwo ẹyẹ ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, ìròyìn ni ẹnì kan fi ń lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Ní abúlé Cley ní etíkun Norfolk, ilé oúnjẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Nancy's. Ní ọdún àádọ́rin sí ọgọ́rin ọ̀rúndún tó kọjá, tẹlifóònù ibẹ̀ kì í sinmi. Láti gbogbo ilẹ̀ Bírítéènì ni wọ́n ti ń pè é láti béèrè ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n tó dé àti ibi tó bà sí. Ẹni tó bá jókòó jẹun létí tẹlifóònù ni yóò gbé e, ìbáà jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀wà, yóò ka ìròyìn inú ìwé tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó pè, yóò sì kọ ti ẹni náà sí i. Lọ́dún 1988 ni wọ́n ti ilé oúnjẹ náà pa. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìgbànú dé lẹ́yìn rẹ̀, WhatsApp sì dé lẹ́yìn ìyẹn. Ìròyìn ti yára sí i báyìí, àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó fi oúnjẹ sílẹ̀ láti dá àjèjì lóhùn ti ṣe oore tó ju ti ẹni tó fi àtàǹpàkò tẹ fóònù lọ.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló lawọ́ o. Nínú ahéré kẹta, ọkùnrin kan wà tó gbé kámẹ́rà gbàgùdù síwájú fèrèsé, tí a bi í pé kí ló ń wò, tó ní "Ẹyẹ." Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Àwọn ohun kan sì tún wà tí ọlọ́lawọ́ jù lọ pàápàá kò ní sọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tí òwìwí ń sùn sí fún wa. Òwìwí tó bá ń sun oorun ọ̀sán, bí èrò bá rọ́ lọ bá a tí wọ́n dà á láàmú, yóò fò jáde nínú òtútù, yóò sì ná agbára tí kò rí eku tó láti fi rọ́pò. A bi obìnrin inú ifèéfèé yẹn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ọ̀rọ̀ padà sí ojú ọjọ́. Mo gbà fún un.

Ó ti kọjá aago kan ọ̀sán nígbà tí ariwo díẹ̀ sọ létí odi àbàtà. Bàbá onítẹlisikóòpù ti gbé awò rẹ̀ síbẹ̀, ó ń juwọ́ sí wa kíkankíkan. Pápá kan wà lọ́hùn-ún tí ẹṣin mẹ́ta kan ti ń jẹko, ẹyẹ funfun kan sì ń tẹ̀lé wọn. Bàbá náà ní ká yára kó tó fò. Ẹ̀gbọ́n fi ojú sí i, wọ́n gbé orí, wọ́n tún fi ojú sí i.

"Àbúrò, lékeléke mà ni!"

"Lékeléke kẹ̀?"

"Lékeléke tilé wa ni. Màlúù ló yẹ kó máa tẹ̀ lé. Kí ló ń fi ẹṣin ṣe?"

Bàbá náà fẹ́ mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, àwa la ń ṣàlàyé, àwọn ló ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wọn bí lékeléke ṣe máa ń tẹ̀ lé agbo màlúù Fúlàní, pé ẹsẹ̀ màlúù ló ń lé tata jáde fún un, àti pé bó bá ń fò kọjá, àwa ọmọdé á na ìka sókè, a ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní èékánná funfun. Obìnrin kan láàárín wọn bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó na ìka rẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n yẹ èékánná rẹ̀ wò dáadáa, wọ́n ní ti ẹ̀ ti funfun tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí lékeléke gba díẹ̀ padà ni.

Àwọn náà ní ohun tí wọ́n fi lé e. Ní 2008 ni lékeléke kọ́kọ́ pamọ ní Bírítéènì, ní Somerset. Ìbátan rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní little egret ti ṣáájú rẹ̀ ní 1996, ní erékùṣù Brownsea. Kó tó di ìgbà yẹn, ìyẹ́ irú ẹyẹ funfun bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyáàfin ìlú Lọ́ńdọ̀nù fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára fìlà. Ìgbà tí ẹyẹ bá ń tọ́mọ ni ìyẹ́ náà máa ń gùn tó sì máa ń dára jù, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọdẹ ń pa wọ́n, àwọn ọmọ á kú sínú ìtẹ́. Àwọn obìnrin ló dìde sí i. Emily Williamson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tó di RSPB sílẹ̀ ní 1889, wọ́n sì jà títí di 1921 kí ìjọba tó fòfin de kíkó ìyẹ́ wọ̀lú. Lékeléke kò tilẹ̀ dúró de òfin ẹnikẹ́ni. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fò láti Áfíríkà kọjá Òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó kó o, kò sẹ́ni tó dè é. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Amẹ́ríkà ti àríwá.

A jẹ búrẹ́dì àti ẹja sadíìnì létí odi náà, tíì fúláásíkì wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Mo bi Ẹ̀gbọ́n bóyá ojú kì í tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá wà níbi tó jẹ́ pé àwọn nìkan ni dúdú. Wọ́n ní ojú títì kọ́, ẹ̀rù ni. Dúdú tó gbé bainọ́kúlà dúró lẹ́bàá ilé onílé, wọn kì í rò pé ẹyẹ ló ń wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, Christian Cooper, ọkùnrin dúdú kan tó ń wo ẹyẹ ní Central Park ní New York, ní kí obìnrin funfun kan so ajá rẹ̀ mọ́kùn gẹ́gẹ́ bí òfin ọgbà náà ṣe wí. Obìnrin náà pe ọlọ́pàá, ó ní ọkùnrin dúdú kan ń halẹ̀ mọ́ òun. Ayé rí fídíò rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ní Lọ́ńdọ̀nù ni Ollie Olanipekun, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, àti Nadeem Perera dá Flock Together sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn dúdú àti àwọn tí kì í ṣe funfun ti ń jọ wo ẹyẹ. Ẹ̀gbọ́n ní ìgbà tí àwọn rí fọ́tò àwọn ọ̀dọ́ dúdú tí gbogbo wọn gbójú sókè ni àwọn tó fọkàn balẹ̀ láti gbé bainọ́kúlà jáde kúrò nínú bọ́ọ̀sì.

Ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ lóṣù kìíní. Marsh harrier mẹ́rin wọlé wá sínú ifèéfèé láti sùn, àwòdì ńlá tó jẹ́ pé ní 1971 abo kan ṣoṣo ló kù tó ń pamọ ní gbogbo Bírítéènì. Ọ̀dọ́mọkùnrin olórùka kọ iye wọn sílẹ̀, ó bi wá iye tí àwa kà, Ẹ̀gbọ́n ní márùn-ún. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ta kú pé ọ̀kan gba ẹ̀yìn òpó wọlé nígbà tí gbogbo wa ń wo iwájú, obìnrin inú ifèéfèé sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa mẹ́rin rẹ́, ó kọ márùn-ún.

Òun la jọ dé ibùdókọ̀ Purfleet. Ó bi wá ìlú tí a ti wá, nígbà tó gbọ́ pé Ẹ̀gbọ́n gbé Ìbàdàn kí wọ́n tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ojú rẹ̀ là. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti rí Ibadan malimbe rí. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbátan ẹyẹ ẹ̀gà ni, ó dúdú, ó ní pupa lórí àti láyà, John Elgood tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958, kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Igbó inú ọgbà IITA wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i.

"IITA ti Mọníyà?" Ẹ̀gbọ́n dìde lórí àga. "Àbúrò, ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú géètì yẹn kọjá! Mo rò pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀."

Wọ́n ní bí àwọn bá lọ sílé ní Kérésìmesì, ibẹ̀ ni àwọn á kọ́kọ́ yà kí àwọn tó dé Ìjẹ̀bú. Mo ní kí wọ́n kọ̀wé ṣáájú, nítorí wọn kì í ṣí géètì yẹn fún ẹni tó bá ṣàdédé yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kò le, òun mọ ẹnì kan ní ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ tó wà ní Jos, ẹni náà á mọ ẹni tó yẹ ní Ìbàdàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gba fóònù Ẹ̀gbọ́n, ó ń tẹ nọ́ńbà náà sí i lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọlé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ bí a ṣe ń wọkọ̀, torí pé ìka rẹ̀ ti kú tipiri, ó ń ṣì í tẹ̀.